Fífi èéfín súpágúlúù wá ìtẹ̀ka

Fífi èéfín súpágúlúù wá ìtẹ̀ka jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn olùwádìí ìwà ọ̀daràn ń gbà mú kí àmì ìka tí ojú lásán kò rí fara hàn lórí dígí, ike, irin àti ohun mìíràn tí kì í fa omi mu. Kẹ́míkà tó wà nínú gúlúù yìí ni cyanoacrylate. Bí èéfín rẹ̀ bá kan òógùn àti ọ̀rá tí ìka fi sílẹ̀, yóò dì síbẹ̀, yóò sì di ìlà funfun. Ọ̀rinrin ló ń mú un dì. Ohun tí ooru ń ṣe kò ju pé kí èéfín tètè jáde.

Èèṣì ni wọ́n fi rí i. Ní ọdún 1977, Fuseo Matsumura, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá ní Saga, orílẹ̀-èdè Japan, ń fi súpágúlúù lẹ irun tí wọ́n rí nínú ẹjọ́ ìpànìyàn awakọ̀ takisí kan mọ́ dígí pẹlẹbẹ. Ó wò ó, ìtẹ̀ka òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ lára dígí náà. Ó sọ fún Masato Soba, ẹni tí iṣẹ́ ìtẹ̀ka wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ lò ó.

Ní yàrá àyẹ̀wò, inú àpótí tó ní ẹ̀rọ asẹ́-afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń gbé gúlúù náà gbóná dé nǹkan bí 120°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò wà ní bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé kì í ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Èéfín gúlúù lè gbiná láti bíi 80°C, bí gúlúù bá sì gbóná kọjá 200°C, ó lè tú gáàsì onímájèlé hydrogen cyanide jáde. Nítorí náà, sítóófù, àbẹ́là àti iná èyíkéyìí kò yẹ rárá. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ti aláìlóoru: ẹ̀kán gúlúù díẹ̀ lórí fóìlì, ife omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú àpótí dígí tí a dé pa, níta gbangba. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Èéfín náà máa ń ta ojú àti imú, ó sì léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ṣe ni kí a ṣí àpótí náà, kí a sì kúrò níbẹ̀ títí èéfín yóò fi tán. Òwú àti aṣọ olówùú kò gbọ́dọ̀ kan gúlúù tútù: wọ́n lè jọ gbóná lójijì débi tí yóò fi jóni.

Ìtẹ̀ka ìdánwò kan ni a máa ń fi sínú àpótí láti fi mọ ìgbà tó tó. Bó bá pẹ́ jù, gbogbo ojú nǹkan náà yóò funfun, ìlà ìka yóò sì bò mọ́lẹ̀.