Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán plásmídì láìfojú rí i

Ẹja àrọ̀ yíyan tí wọ́n ń tà lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sábà máa ń ká a ni, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu. Gé irú òrùka bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ègé kan ṣoṣo lo ní. Gé e lẹ́ẹ̀mejì, ó di méjì. Bí plásmídì náà ṣe rí nìyẹn: òrùka kékeré ti DNA (okùn tí àbùdá ẹ̀dá wà lára rẹ̀) tí bakitéríà ń gbé kiri yàtọ̀ sí kúrómósóòmù rẹ̀, ìyẹn olórí okùn DNA rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ló ń fi ibi tí ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ti ń gé e hàn.

Ara bakitéríà fúnra rẹ̀ ni ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé e ti wá. Ẹ́ńsáìmù ni, ìyẹn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara; òun ni bakitéríà fi ń gé DNA fáírọ́ọ̀sì tó bá ya bò ó wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni wọ́n fi ń kọ DNA, ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ tó ń wá kó tó gé: GAATTC ni ti EcoRI, GGATCC ni ti BamHI, CTGCAG ni ti PstI.

Wọ́n á po DNA mọ́ ẹ́ńsáìmù, wọ́n á gbé e sí ìwọ̀n ooru 37°C, bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kán an sínú àwọn ihò kéékèèké tó wà lórí jẹ́ẹ̀lì agarose. Inú ewéko òkun ni wọ́n ti ń rí agarose, ó sì máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù. Àmì − ni iná ara DNA, nítorí náà tí wọ́n bá ti tan iná mànàmáná sí i, ọ̀dọ̀ + ló ń lọ. Inú jẹ́ẹ̀lì dà bí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́: ègé kékeré ń yọ́ kọjá kíá, ńlá ń wọ́ tẹ̀lé e. Aró á mú kí wọ́n hàn bí ìlà; ègé tí wọ́n ti mọ gígùn wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n.

Ibi tó dùn jù rèé. Mú plásmídì kan tó ń jẹ́ pBR322, tó gùn tó lẹ́tà 4,361. Bí ọ̀bẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìlà kan náà ni: ẹ̀ẹ̀kan péré ni oníkálukú ń gé e. Àfi kí méjì jọ gé e. EcoRI pẹ̀lú BamHI: ègé kékeré jẹ́ bíi 375. EcoRI pẹ̀lú PstI: bíi 750. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni BamHI àti PstI wà sí EcoRI? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí àwọn méjèèjì bá jọ gé e, ègé kékeré kò ní ju bíi 375 lọ. Bíi 1,125 ló jáde. Àárín wọn ni EcoRI wà.

Àmọ́ òrùka tí ọ̀bẹ kò tíì kàn máa ń lọ́ mọ́ra, ó sì ń sáré ju gígùn rẹ̀ lọ. Ẹ má fi ìlà tirẹ̀ wọn ohunkóhun. Kí ẹ sì ro gígùn àwọn ègé pọ̀. Bí wọn kò bá pé 4,361, ó lè jẹ́ pé ègé kékeré kan ti sá jáde nínú jẹ́ẹ̀lì, tàbí kí ègé méjì tó gùn bákan náà wà lórí ìlà kan ṣoṣo.