Òógùn Tí Ojú Kò Rí

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé Sókótó lóṣù kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá mi sọ: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ooru ibí mà sàn ju tilé lọ. Ẹ wò ó, mi ò tiẹ̀ làágùn." Èmi náà á bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lo tọ̀ gbẹ̀yìn?" Ọ̀pọ̀ kì í rántí. Èyí tó bá sì rántí, á ní ìtọ̀ náà pupa bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

Ẹ ń làágùn o. Afẹ́fẹ́ ló ń lá a kí ojú tó rí i. L'Èkó, ọ̀rinrin òkun ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kò ríbi lọ, ló ṣe ń ṣàn títí ẹ̀wù á fi lẹ̀ mọ́ yín lára. Níbí, afẹ́fẹ́ gbẹ bíi panla. Ẹ bọ́ kákí yín nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wo abíyá rẹ̀: ìlà funfun tó wà níbẹ̀, iyọ̀ ara yín ni.

Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí àwọn Hausa ń pè ní bazara, atẹ́gùn olómi tó ń ti òkun bọ̀ kò tíì gòkè dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ìkùukùu. Bí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, oòrùn ọ̀sán á dúró ṣánṣán lórí ìlú, òjìji yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ooru á sì kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ní Kayes, lórílẹ̀-èdè Mali, ó dé 48.5 lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution, ẹgbẹ́ tó ń wádìí bóyá ọwọ́ ọmọ aráyé wà nínú ojú ọjọ́ tó le koko, ṣírò rẹ̀, wọ́n ní irú ooru tó mú Mali lọ́sẹ̀ náà kì bá tí wáyé ká ní ọmọ aráyé kò ti mú ayé gbóná.

Ẹ rántí àmù ilé ìyá wa àgbà. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ. Ìdí tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù nìyẹn. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, lò tó fi gba ẹ̀bùn ìdánilọ́lá ilé-iṣẹ́ aago Rolex. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi iyanrìn tó rin gbingbin dí àárín wọn, tòmátì àti ata sì ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ láìbàjẹ́. Ara yín náà, àmù ni. Ẹ má jẹ́ kómi inú rẹ̀ tán.

Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n gbé wá bá mi láago mẹ́ta ọ̀sán, láti orí pápá bọ́ọ̀lù. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ń sọ ìsọkúsọ, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ń pè mí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibà ni: wọ́n ti fún un ní paracetamol, wọ́n tún fi kúbùsù bò ó. Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí. Bó bá jẹ́ ibà, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé ooru ara sókè, paracetamol lè bá a wí. Ooru tó tìta wọlé kò gbọ́ ti paracetamol. Ẹ̀dọ̀ ló lè bà jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bọ́ṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ọkọ̀ sì ti máa sáré lọ ilé ìwòsàn. Bí iyè rẹ̀ kò bá sọ jí, ẹ má fún un lómi mu.

Ẹni tó wulẹ̀ rẹ̀, tórí ń fọ́, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí orí ṣíbí tẹ́.

Fáànù ńkọ́? Bí yàrá bá ti gbóná ju 40 lọ, ooru ló ń fẹ́ sí yín lára. Ẹ fi omi rẹ ara kẹ́ ẹ tó tàn án. Bíná bá lọ (á lọ), ẹ gbẹ́ní síta bí àwọn onílùú, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, torí ooru ọ̀sán kì í tètè kúrò nínú yàrá. Láàárọ̀, ẹ gbọn bàtà yín wò kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Àkekèé náà ń wá ibòji.