Bí ènìyàn ṣe ń di clinical psychologist ní UK

Ní UK, ẹnikẹ́ni ló lè kọ psychologist, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn, sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ kó sì máa gbowó lọ́wọ́ èrò. Òfin ò dí i lọ́wọ́. Orúkọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni òfin dáàbò bò: clinical psychologist, counselling psychologist, educational psychologist, forensic psychologist, health psychologist, occupational psychologist, sport and exercise psychologist, pẹ̀lú méjì tó kó gbogbo wọn pọ̀, practitioner psychologist àti registered psychologist. Ẹni tó bá ń fi ọ̀kan nínú wọn tan aráàlú jẹ, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Health and Care Professions Council, HCPC, ilé ẹjọ́ lè bu owó ìtanràn lé e. Láti oṣù Keje ọdún 2009 ni HCPC ti ń bójú tó iṣẹ́ yìí. Ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ń wá ìtọ́jú sì lè yẹ orúkọ wò níbẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀.

Nínú àwọn ọ̀nà tó dé inú ìwé yẹn, ti clinical, ìyẹn títọ́jú àwọn tí ọkàn tàbí ìrònú wọn kò balẹ̀, ni èrò ń rọ́ lọ jù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì tún ń san owó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà, oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sì fi ń jáde. Àmọ́ ohun tó ṣáájú ọdún mẹ́ta yẹn ló ń jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lásìkò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣìnà.

Ohun àkọ́kọ́ ni Graduate Basis for Chartered Membership, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní GBC, ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì ènìyàn tó ìwọ̀n, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn onísàíkọ́lọ́jì, British Psychological Society, BPS, ń fúnni. Ẹni tó ka sàíkọ́lọ́jì nínú ètò ẹ̀kọ́ tí BPS fọwọ́ sí, tó sì ní Second Class Lower ó kéré tán, ti kúnjú ìwọ̀n. Ẹni tó ka òfin tàbí ìmọ̀ ìṣirò yóò kọ́kọ́ ṣe másításì tí wọ́n ń pè ní conversion, ọdún kan ni fún ẹni tó bá gbájú mọ́ ọn. Ẹni tó gboyè sàíkọ́lọ́jì ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó náà lè tọ BPS lọ, kí wọ́n wo ohun tó kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ọpọlọ àti ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ìrònú àti ìrántí, ìdàgbàsókè ọmọdé, ìbáṣepọ̀ láwùjọ, ìyàtọ̀ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì, àti ọ̀nà ìwádìí. Wọ́n tún ń wá iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ fi dátà ṣe. Transcript tó kàn to kóòdù kọ́ọ̀sì àti máàkì jọ kì í tó wọn. Kí ènìyàn gba àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó kúrò nílé ló dára, nítorí àtirí i gbà láti òkè òkun lè di iṣẹ́ oṣù púpọ̀. GBC nìkan kò sì fi ẹnikẹ́ni síwájú. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló fẹ́ Second Class Upper, tàbí kí ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ fi másításì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ló kàn, ọdún kan ó kéré tán ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè. Iṣẹ́ assistant psychologist, igbákejì psychologist, ní NHS, Band 4 tàbí 5 nínú ìpele owó oṣù, ni gbogbo ènìyàn ń lé. Ìpolówó rẹ̀ lè má lo ọjọ́ méjì, torí ilé ìwòsàn máa ń tì í ní kété tí àwọn tó béèrè bá ti pé iye tí wọ́n fẹ́ kà. Ọjọ́ ìparí tó wà lórí ìpolówó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbójú lé. Iṣẹ́ support worker ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn rárá. Ohun tí àwọn ayẹniwò ń wá ni ohun tí ènìyàn fi òye sàíkọ́lọ́jì rí níbi tó ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe bí orúkọ iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó.

Kòtò kan wà ní England tí ọ̀pọ̀ kì í rí títí wọ́n á fi já sí i. Iṣẹ́ psychological wellbeing practitioner, PWP, ẹni tó ń ran àwọn tó ní àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò le lọ́wọ́, dára fún ìrírí, NHS ló sì ń sanwó ìdálẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ àǹfààní yẹn gbọ́dọ̀ dúró ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kó parí rẹ̀ kí NHS tó tún lè sanwó ìdálẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì mìíràn fún un. Ẹni tó ń kánjú dé clinical gbọ́dọ̀ ka ọdún wọ̀nyí mọ́ ìṣirò rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìwọlé kì í lọ sí yunifásítì tààrà. Clearing House, ọ́fíìsì kan tó wà ní Leeds tó ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn yunifásítì, ló ń gbà á, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà ìwọ́wé ọdún tó ń bọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí yóò kọ̀wé nípa onítọ̀hún ni fọ́ọ̀mù náà fẹ́, ọ̀kan láti ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan láti ibi iṣẹ́. Ẹ tètè kàn sí wọn. Fọ́ọ̀mù rere ti bàjẹ́ rí nítorí olùkọ́ tí kò ṣí ímeèlì rẹ̀. Àwọn tó ń béèrè pọ̀ ju àyè lọ ní ìlọ́po bíi mélòó kan, nítorí náà kì í ṣe ìtìjú kí ènìyàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn to iṣẹ́ tó ti ṣe lẹ́sẹẹsẹ láìsọ ohun tó kọ́ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá wọlé di òṣìṣẹ́ NHS ní Band 6. Ó ní ìsinmi ọdọọdún, ó ní ìwé àdéhùn iṣẹ́, wọ́n sì lè lé e bí wọ́n ṣe ń lé òṣìṣẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lò níbi ìkọ́ṣẹ́, èyí tó kù wà fún kíláàsì àti ìwádìí. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò níbi kọ̀ọ̀kan: àgbàlagbà, ọmọdé àti ọ̀dọ́, àwọn tí ìkẹ́kọ̀ọ́ nira fún, arúgbó, àti ibi àkànṣe bíi wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn farapa. Ó gbọ́dọ̀ mọ CBT, ìtọ́jú tó ń fi ọ̀rọ̀ tún ìrònú àti ìhùwàsí ṣe, lò, kó sì mọ ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn kan ó kéré tán mọ́ ọn.

Supervision, ìyẹn àbójútó akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ni òpó tó gbé ètò yìí ró. BPS ní kí ìpàdé àkọsílẹ̀ kan wà lọ́sẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí kan, kí gbogbo àsìkò tí alábòójútó àti akẹ́kọ̀ọ́ bá jọ wà pọ̀ sì tó wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Alábòójútó gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, tàbí kó gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Níbi tí ìkọ́ṣẹ́ bá ti bàjẹ́, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: ó sábà máa ń jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kó kìkì èyí tó lọ dáadáa wá sí ìpàdé, ó ń fi èyí tó dà rú pamọ́, ọ̀rọ̀ á wá jáde nígbà ìyẹ̀wò àárín sáà. Wọ́n lè fún ẹni tó kùnà ibì kan láyè láti tún un ṣe. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ìkùnà lẹ́ẹ̀mejì ni òpin ìrìn àjò.

Ìwádìí ló ń dá ọjọ́ ìparí dúró jù. Ẹni tó bá fẹ́ bá aláìsàn NHS ṣe ìwádìí yóò kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù IRAS, fọ́ọ̀mù ìbéèrè àṣẹ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, Health Research Authority yóò fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yóò sọ bóyá ó ní agbára láti gbà á. Ọ̀pọ̀ oṣù ni èyí ń jẹ, kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yan àìsàn tó ṣọ̀wọ́n, tó sì ń retí ènìyàn ọgọ́ta ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, ti gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Àwọn tó gbọ́n máa ń lo òṣìṣẹ́ tàbí aráàlú dípò aláìsàn, tàbí dátà tó ti wà nílẹ̀. Ìdánwò ojúkojú tí wọ́n ń pè ní viva ló ń kẹ́yìn, àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fún ènìyàn lọ sílé.

Pé ènìyàn yege kò tíì sọ ọ́ di clinical psychologist. Yunifásítì yóò fi orúkọ àwọn tó yege ránṣẹ́ sí HCPC, onítọ̀hún yóò kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀, yóò sanwó, yóò sì dúró kí orúkọ rẹ̀ jáde kó tó lè jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà. Band 7 ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún orúkọ fi sílẹ̀, HCPC sì ń yan ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn láti wo àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti kọ́ kún ìmọ̀ wọn.

Owó NHS yìí wà fún ẹni tí òfin kà sí ará ilé, home student, níbi owó ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà wọ inú rẹ̀. Ìwé ìgbélùú tí kò ní ọjọ́ ìparí àti ọdún mẹ́ta tó ti gbé níbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọ̀nà counselling ṣí sílẹ̀, àmọ́ ara ẹni ni ń sanwó rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ tún lọ gba ìtọ́jú fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilé lè gba ọ̀nà àwọn tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun lọ bá HCPC. Wọn yóò fi ìmọ̀ àti ìrírí rẹ̀ wé ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ tó yàn, kì í ṣe orúkọ oyè rẹ̀ nìkan. Wọ́n tún máa ń fẹ́ ẹ̀rí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, irú bí ìdánwò IELTS.