Bí Kòkòrò Àrùn Ṣe Ń Borí Oògùn Tí Ó Ti Ń Pa Á Tẹ́lẹ̀

Nígbà tí oògùn tí ó ti ń wo egbò tàbí ìgbẹ́ ọ̀rìn sàn tẹ́lẹ̀ kò bá ràn mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin wa, ni pé oògùn náà ti mọ́ àwọn lára. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìbéèrè wádìí lẹ́nu nǹkan bí 10,000 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 12, tí Nàìjíríà aládùúgbò wa wà lára wọn. Ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó gbà pé ara ènìyàn ni ó ń le sí oògùn apakòkòrò. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì léwu, nítorí pé ẹni tí ó bá gbà pé ara òun ni oògùn mọ́ yóò rò pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kòkòrò tí ó ń fa àrùn gan-an ni ó yí padà, kòkòrò yẹn sì lè ti ara ẹni tí ó lo oògùn bọ́ sí ara ẹni tí kò fẹnu kan oògùn kankan rí.

Bakitéríà ni a ṣe àwọn oògùn apakòkòrò bí amoxicillin, tetracycline àti ciprofloxacin fún. Bakitéríà jẹ́ ohun abẹ̀mí tí ó kéré dé ibi pé ojú lásán kò lè rí i, ó sì ní ògiri tí ó yí ara rẹ̀ ká, èyí tí kò sí lára sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn èròjà abẹ̀mí kéékèèké tí ó para pọ̀ di ara ènìyàn. Penicillin àti amoxicillin, tí í ṣe ẹbí kan náà, kì í jẹ́ kí kòkòrò náà rí ògiri yìí mọ parí. Omi yóò rọ́ wọ inú rẹ̀, yóò sì bẹ́. Tetracycline ní tirẹ̀ ń dá ṣíṣe èròjà amáradàgbà dúró nínú kòkòrò náà, ciprofloxacin sì ń dí i lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀dà jíìnì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ tí ó ń pinnu bí yóò ṣe rí. Ìdí nìyí tí oògùn fi lè pa kòkòrò láìpa ẹni tí ó gbé e mì.

Fáírọ́ọ̀sì, oríṣi kòkòrò àrùn mìíràn tí kì í ṣe bakitéríà, kò ní ògiri irú èyí, inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ó sì ti ń bí sí i, nítorí náà oògùn apakòkòrò kò rí ohun tí yóò dojú kọ lára rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ọ̀fìnkìn, òun náà ni ó sì ń fa ọ̀pọ̀ nínú ikọ́ àti ọ̀fun dídùn. Ibà tí ẹ̀fọn ń tàn kálẹ̀ tún yàtọ̀ sí méjèèjì: kòkòrò Plasmodium ni ó ń fà á, amoxicillin kò sì lè wò ó.

Síbẹ̀, ènìyàn púpọ̀ ni yóò jẹ́rìí pé àwọn lo kápúsù nígbà tí ọ̀fìnkìn mú àwọn, tí ara àwọn sì yá. Wọn kò purọ́. Ọ̀fìnkìn a máa lọ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ara ní agbára láti lé fáírọ́ọ̀sì náà jáde. Ẹni tí ó bá lo oògùn ní ọjọ́ kẹta, tí ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ kẹfà, kápúsù ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ara rẹ̀ ìbá yá ní ọjọ́ kẹfà náà bí kò bá lo ohunkóhun. Ẹ̀rí tí ojú rí yìí ni ó mú kí àṣà náà ṣòro láti fi sílẹ̀, kì í ṣe agídí. Ṣùgbọ́n oògùn tí kò rí fáírọ́ọ̀sì pa ti dé inú ìfun, ó ti pa lára àwọn bakitéríà tí ń ṣe ara lóore níbẹ̀, ó sì ti fi àwọn tí apá rẹ̀ kò ká sílẹ̀.

Àwọn tí ó ṣẹ́kù wọ̀nyí ni ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀. E. coli, bakitéríà kan tí ń gbé inú ìfun ènìyàn, lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20 bí ààyè bá gbà á. Bí wọ́n ti ń bí sí i ni àyípadà kéékèèké ń wọ inú jíìnì wọn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò wúlò, ṣùgbọ́n ẹyọ kan lè bọ́ sí ibi tí yóò gba kòkòrò náà lọ́wọ́ oògùn. Bí ọ̀dá bá dá ní oko Ṣábẹ̀ẹ́, tí àgbàdo kú tán àfi ẹsẹ̀ díẹ̀ tí ó fara da òùngbẹ, inú àwọn díẹ̀ yẹn nìkan ni àgbẹ̀ ti máa rí irú gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oògùn ṣe ń ṣa àwọn kòkòrò tí ó le jù lọ sílẹ̀ láti máa bí sí i. Àwọn kan lára wọn ń ṣe èròjà tí ó ń ba penicillin jẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn ń tu oògùn síta bí ó bá ti ń wọlé. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n lè fún ara wọn ní jíìnì náà, àní bí wọn kì í bá ṣe irú kan náà, tí E. coli tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi yóò fi fi í fún kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tí a kò fọ̀, omi kànga tí ìgbẹ́ kàn àti ibùsùn ilé ìwòsàn a gbé e kiri.

Alexander Fleming, tí ó ṣàwárí penicillin ní London ní 1928, ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 1945, ó kìlọ̀ pé ọjọ́ lè dé tí ẹnikẹ́ni yóò máa ra penicillin ní ìsọ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò lo èyí tí ó kéré ju ohun tí ó lè pa kòkòrò, tí kòkòrò yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ le. Ọjọ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ a ra kápúsù méjì tàbí mẹ́ta lórí àtẹ, láìsí páálí, láìsí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò parí. Oòrùn ti lè ba ti orí àtẹ jẹ́, ayédèrú sì lè má ní ju ìwọ̀nba oògùn lọ nínú. Ní ọdún 2017, ìjọba kọlu ọjà Adjégounlè ní Kútọnù, ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn fún irú oògùn bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí a yìn. Ṣùgbọ́n ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ àti Kétu, oògùn tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lára sì lè dé ọwọ́ ẹni tí ó jẹ́ pé Faransé ni ó kọ́ ní ilé ìwé, tí kò ní lè ka ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó lò. Oògùn tí a ń pò mọ́ omi tí adìyẹ ń mu nígbà tí àìsàn kò ṣe wọ́n, òun náà ń mú kí kòkòrò le.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 ṣírò pé ní 2019, àrùn tí oògùn apakòkòrò kò ràn mọ́ pa mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ní tààrà ní gbogbo ayé. Bí a bá fi wé iye ènìyàn, apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti pọ̀ jù.

Ọ̀nà tí ó dájú láti mọ oògùn tí yóò ràn ni àyẹ̀wò tí àwọn dókítà wa ń pè ní antibiogramme. Wọn a gba ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún aláìsàn, wọn a fún kòkòrò inú rẹ̀ ní oúnjẹ nínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó lè hù, wọn a wá tẹ́ bébà kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn lé e. Ibi tí oògùn bá ti ràn, kòkòrò kò ní lè hù yí bébà náà ká. Èsì rẹ̀ a máa gba nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nítorí náà dókítà a kọ́kọ́ fún aláìsàn ní èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó ràn, yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ bí èsì bá sọ ohun mìíràn.

Iye ọjọ́ tí a ó fi lo oògùn kò dọ́gba: ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa gba oṣù mẹ́fà, nígbà tí àrùn mìíràn kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, lílò rẹ̀ kọjá ohun tí ó yẹ sì ń mú kí kòkòrò le bí lílò rẹ̀ ní àbọ̀ ṣe ń mú kí ó le. Ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò aláìsàn ni ó lè sọ iye náà. Ní fàmásì, ó tọ́ kí ènìyàn béèrè iye ẹyọ, iye ìgbà lójúmọ́ àti iye ọjọ́; ẹni tí kò mọ̀wé kà lè ní kí wọ́n fa ìlà sí ara páálí, ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí yóò lò ó lójúmọ́.