Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe òkò

Ọ̀gá kan wà níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bó bá ń bínú sí ọ, kò ní sọ. Wàá wọlé láàárọ̀, wàá ní, "Òkun o, sà," kò ní dá ọ lóhùn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogí á mọ bí ìyẹn ṣe rí lára. Láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ́pà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, Òkun yìí la fi ń kí ara wa láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́nu iṣẹ́, níbi ọ̀fọ̀, níbi ayọ̀. Òun náà ni wọ́n wá fi ń pe gbogbo wa. Kí o kí èèyàn ní Òkun kó máa ṣí fáìlì lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kọjá, ìgbátí sàn jù ú lọ.

Tó bá wá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, á dìde, á dúró sáàárín ọ́fíìsì, á gbójú sókè sí fáànù tí kò ṣiṣẹ́, á ní: "Àwọn kan wà níbí tó jẹ́ pé owó lásán ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù." Á tún padà lọ jókòó. Àwa méje la wà nínú yàrá yẹn. Kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ kiri.

Nígbà tí mo ráhùn fún àgbà kan láàárín wa, ó ní, "Ṣebí ọ̀wọ̀ ló fi wọ̀ yín yẹn? Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni." Ọ̀pọ̀ wa ló gba èyí gbọ́: pé ọ̀rọ̀ tí a kò darí sí ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, pé ẹni tó bá pe èèyàn jókòó kó tó sọ ohun tó ń dùn ún fún un, aláfojúdi ni. Ìgbàgbọ́ òdì ni.

Àwọn tó dì í mú ní òwe tí wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi." Òwe gidi ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa: là ń sọ *fún*. Ẹni tí a ń sọ ọ́ fún wà níwájú wa, ó mọ̀ pé òun là ń bá wí, ó mọ ohun tó fà á. Ààbọ̀ tí a kò sọ ni èyí tó lè dójú tì í, a fi ìyẹn pa á láṣọ. Èyí tí a sọ sókè lójú èèyàn méje, kí ẹni tó bá bà bà á, òkò ni. Ṣebí èdè wa náà ló pè é ní sísọ̀kò ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ní bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Ó dára, ṣùgbọ́n a kì í lu àgídìgbo fún ẹni tí a fẹ́ kó tún lẹ́tà tẹ̀ kó tó di aago méjì.

Ìwà yìí ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Àwàdà-ni.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ orúkọ òṣìṣẹ́. Ojú rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìka kan ibì kan nínú ìwé tí ọ̀gá fẹ́ buwọ́ lù, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ó jọ pé ìṣirò ibí yìí kò bára mu." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí wa: "Ẹ dìde, ẹ kí Purofẹ́sọ̀ wa." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti di Purofẹ́sọ̀. Bó bá pẹ́ kó tó dé láti Ìyàrà nítorí pé ọkọ̀ kò tètè kún, wọ́n á ní, "Purofẹ́sọ̀, ṣé ìwádìí lẹ lọ ṣe?" Bó bá fajú ro, wọ́n á ní àwàdà ni, ṣé kò mọ àwàdà ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, orúkọ èèyàn mẹ́ta yọ kúrò nínú ìwé owó oṣù: ọdẹ méjì àti ìyá tó ń gbálẹ̀. Wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà lóṣù yẹn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo bi Purofẹ́sọ̀ bóyá kò rí i ni. Ó ní òun ti rí i láti ọjọ́ Túsìdeè, kí ìwé náà tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Kí ló dé tí kò sọ? Ó wò mí títí. "Kí wọ́n lè tún kí mi?"

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àbùkù ń mú kí òṣìṣẹ́ jí gìrì, kó lọ bi ọdẹ méjì yẹn. Ní 2015, Arieh Riskin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn tó ń jẹ́ Pediatrics. Wọ́n kó ikọ̀ 24 jọ, dókítà àti nọ́ọ̀sì ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí àìsàn dé sí. Ìdánrawò ni, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ gidi. Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé kan láti òkèèrè ń wò wọ́n. Fún àwọn ikọ̀ kan, ọ̀rọ̀ lásán ló sọ. Fún àwọn mìíràn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè wọn kò wú òun lórí. Ẹ kíyè sí i, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, àwọn tí a sọ̀kò ọ̀rọ̀ yìí sí ṣìnà jù nínú mímọ àìsàn tó ń ṣe ọmọ náà, ọwọ́ wọn kò sì dán tó ti àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọn kò sọ fún ara wọn mọ́, wọn kò sì béèrè ìrànlọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ Purofẹ́sọ̀ wa ló tún dé yẹn. Christine Porath àti Amir Erez náà ti dán irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009 fi hàn pé ẹni tó kàn jókòó tó ń wòran nígbà tí wọ́n ń fi ẹlòmíràn wọ́lẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ náà ń jó rẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn, mo sanwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹrù lé ọ̀gá lórí. Àwa tó wà nísàlẹ̀ náà mọ òkò í sọ, tiwa kàn kì í dún ni. Ní 1945, dókítà ọpọlọ kan nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, William Menninger, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn sójà kan wà tí wọn kì í kọ àṣẹ. Wọ́n á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," wọ́n á wá máa fajú ro, wọ́n á máa fi iṣẹ́ falẹ̀, wọ́n á ṣe é ní ìdajì, wọ́n á gbàgbé èyí tó kù. Láti inú ìwé yẹn ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwà náà títí dòní, "passive-aggressive", ti tàn kálẹ̀. Sójà kò lè sọ fún ọ̀gágun pé "rárá". Ọ̀nà tààrà ti dí, ìbínú wá gba ẹ̀yìnkùlé. Ọ́fíìsì tí ọmọ iṣẹ́ kò ti lè lanu, ẹ lọ wo ibi tí fáìlì ń sọnù sí.

Èmi gba orí WhatsApp. Lálẹ́ Sátidé kan, inú ń bí mi sí ọ̀gá, mo gbé e sórí status: "Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò fún ẹnìkejì, kó má gbẹ́ ẹ jìn." Mo sùn, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀gá kò tilẹ̀ rí i, kò ní nọ́ńbà mi lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní àsọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Purofẹ́sọ̀ ló bà. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì kò yá mi ní bírò, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tó yá, ó pè mí jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì.

"Àbúrò, mo rí ohun tí o kọ sórí status rẹ lálẹ́ Sátidé ìjọsí. Èmi ni mo rò pé o ń bá wí, torí èmi ni wọ́n mú lọ sí kọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja dípò rẹ. Ó dùn mí, mi ò lè wojú rẹ mọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, sọ ohun tí mo ṣe fún mi. Bí kì í bá ṣe èmi, sọ fún mi kí ara tù mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ti status, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rín ọjọ́ kìíní.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ohun tó fojú rí ló sọ, kì í ṣe irú èèyàn tó rò pé mo jẹ́. Ó sọ ohun tí ó ṣe fún òun nínú. Ó sọ ohun tó ń fẹ́. "O máa ń ṣe báyìí," "irú yín ni," kò sí níbẹ̀. Thomas Gordon, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn òbí ní irú ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1960, pé kí èèyàn fi "èmi" bẹ̀rẹ̀, kó fi "ìwọ" sílẹ̀. Mi ò rò pé obìnrin Ìyàrà yìí gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ohun tí ìyá ń ṣe nígbà tó bá pe ìyàwó ilé wọ yàrá, tó sì ti ilẹ̀kùn, ló ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sáré láti òkò lọ gbé kùmọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n á bú ọ tán, wọ́n á ní, "Èmi kì í fọ̀rọ̀ pamọ́, òótọ́ ni mo sọ." Èébú ni wọ́n sọ. Ohun tí mo ń wí kò sì ní kí a pa "ẹ" tì fún àgbà, tàbí kí a má kúnlẹ̀ mọ́. Èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó sì sọ̀rọ̀ tààrà láti orí ilẹ̀.

Ọ̀gá mìíràn wà ṣá tí ọ̀rọ̀ dídùn kò ní wọ̀ létí. Ìgbà yẹn, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, ẹni tó wà níbẹ̀. Àdéhùn kan wà tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ní 2019, nọ́ńbà rẹ̀ ni 190. Ó ka ìwà tó ń pa ọkàn òṣìṣẹ́ lára mọ́ ìwà ipá àti ìfòòró lẹ́nu iṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2022. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín bí wọn kò bá tíì gbọ́.

Ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí èmi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ abẹ́ máńgòrò, mo dúró di ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ tán, mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Mo ní, "Òkun o, sà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ ní àwọn kan ń gba owó lásán. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó bóyá èmi ni, iṣẹ́ kò sì lọ dáadáa lọ́wọ́ mi mọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí mo ti kùnà, kí n tún un ṣe."

Ó pòṣé. Ó tú ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wá ní, "Òkun." Lẹ́yìn náà ló béèrè: "Fáìlì tí mo ní kí o gbé wá lóṣù tó kọjá dà?"

Ó wà nínú dúróà mi. Mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.