Ẹ Ya Fọ́tò Páálí Oògùn Yín

“Oògùn wo lẹ ń lò nílé?” Àwa apoògùn kì í yé béèrè ìbéèrè yìí. Èsì tí a sì sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ó funfun, ó kéré, àràárọ̀ ni mo ń lò ó.” Oògùn tó funfun tó sì kéré pọ̀ lórí pẹpẹ wa: ti ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ti ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, ti àìsàn ọkàn náà wà níbẹ̀.

Ìgbà tí orúkọ oògùn bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni àṣìṣe máa ń ráyè wọlé. Dókítà kọ ọ́, nọ́ọ̀sì kà á, apoògùn mú un wá, aláìsàn gbé e lọ sílé. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kọ ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ní “4U”, ìyẹn yúníìtì mẹ́rin, U yẹn lè jọ òdo lójú ẹni tó ń kánjú, 4 á sì di 40. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé aláìsàn á dákú, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Chlorpromazine, oògùn àìsàn ọpọlọ ni. Chlorpropamide, ti ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jọra tó!

Kọ̀ǹpútà ń dín èyí kù. Bí dókítà bá tẹ orúkọ oògùn, kò sẹ́ni tí yóò máa méfò ohun tó kọ. A tún máa ń fi lẹ́tà ńlá ya àwọn tó jọra sọ́tọ̀: chlorproMAZINE, chlorproPAMIDE. Ní àwọn ọsibítù kan ní Amẹ́ríkà àti Bírítéènì, nọ́ọ̀sì á fi ẹ̀rọ ka àmì onílà tó wà lára oògùn, á ka ti ọrùn ọwọ́ aláìsàn, bí kò bá bára mu, ẹ̀rọ á pariwo. Àmọ́ ẹ tẹ “met” sínú kọ̀ǹpútà, metformin, metronidazole àti methotrexate lè tò tẹ̀lé ara wọn, ọwọ́ sì lè ṣèèṣì tẹ èyí tí kì í ṣe òun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún làkúrègbé. Lílò ó lójoojúmọ́ ti pa èèyàn. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá pé kí a kó gbogbo ìṣọ́ra lé ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Fóònù ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Ohun kan wà tí à ń rí lemọ́lemọ́: ìyá kan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un ní ọsibítù, ọmọ rẹ̀ wá fi òmíràn ránṣẹ́ láti London. Páálí yàtọ̀, àwọ̀ yàtọ̀, orúkọ gàdàgbà iwájú rẹ̀ yàtọ̀. Màmá ń lo méjèèjì, òòyì ń kọ́ wọn, ọrùn ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá: amlodipine 10 mg lára ti ọsibítù, amlodipine 10 mg lára ti London. Lẹ́tà kékeré yẹn ni kó hàn dáadáa nínú fọ́tò tí ẹ bá yà, pẹ̀lú iye mílígíráàmù rẹ̀. Ẹ ya ìgò àgbo náà mọ́ ọn, ẹ má tijú.

Ẹ fi fọ́tò náà hàn níbi gbogbo tí ẹ bá ti fẹ́ ra oògùn, títí kan kẹ́mísìtì àdúgbò. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì, tí inú wá ń run, tó lọ ra Flagyl, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ara rẹ̀, torí Flagyl máa ń sọ agbára warfarin di púpọ̀. Ẹni tó ń tajà kò lè mọ̀ bí kò bá rí fọ́tò yẹn.

Ti ibi tí à ń họ lára páálí oògùn ibà ńkọ́? Láti 2010 ni NAFDAC ti gbé e dé. Ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀, èsì á sọ bóyá ojúlówó ni. Kò ní sọ bóyá oògùn náà bá yín lára mu o.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé láti ọsibítù, ẹ béèrè èwo nínú oògùn àtijọ́ ni kí ẹ dá dúró. Ẹ pa fọ́tò ìyẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí dókítà mìíràn má baà rí i kó rò pé ẹ ṣì ń lò ó.