Ààbò tiransifọ́mà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Tiransifọ́mà àdúgbò ni ẹ̀rọ tó ń sọ iná 11 kV (kílófóltì, ẹgbẹ̀rún fóltì) tàbí 33 kV kalẹ̀ sí fóltì 415 (V) fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù. IBEDC, ilé-iṣẹ́ apíniná Ìbàdàn, ló ń pín iná ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 2013 sì ni ìjọba fà á lé aládàáni lọ́wọ́. Bí gíríìdì, ìyẹn àkójọ wáyà ńlá tó ń gbé iná kiri orílẹ̀-èdè, bá ṣubú, iná sábà máa ń padà láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Bí tiransifọ́mà bá jó, àdúgbò lè wà lókùnkùn fún oṣù.

Wáyà ilẹ̀

Olè sábà máa ń gé wáyà bàbà tó so tiransifọ́mà mọ́ ilẹ̀. Iná kì í lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kì í tètè hàn. Bí ààrá bá wá sán, ẹ̀rọ agbààrá tó wà lórí ọ̀pó kò ní rí ibi da agbára náà sí, inú tiransifọ́mà ni yóò gbà. Bí niútírà, wáyà tí iná fi ń padà sí tiransifọ́mà, náà bá já, fóltì lè ju 300 lọ ní àwọn ilé kan, kí ti àwọn mìíràn má tó 150. Fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n a sì jó.

Ògbómọ̀ṣọ́ wà lórí àpáta, ilẹ̀ yangí rẹ̀ sì máa ń gbẹ gan-an ní ẹ̀ẹ̀rùn. Òṣùwọ̀n ìdènà tí ilẹ̀ ń ṣe fún iná, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà ń lépa, ni ohm 2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá kan tí a rì sínú ilẹ̀, tí a so wáyà náà mọ́, kì í sábà tó. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń rì, kí àlàfo àárín wọn má dín sí gígùn ọ̀pá kan. Èédú àti iyọ̀ tí a dà yí ọ̀pá ká ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n òjò ń ṣan iyọ̀ lọ, iyọ̀ sì ń jẹ ọ̀pá. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ká wọn ìdènà náà. Èyí tí a bá wọ̀n nígbà òjò ń tanni jẹ.

Fíùsì àti òróró

Tiransifọ́mà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 500 kVA kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí ámpíà 695 (A) lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fééṣì mẹ́ta, ìyẹn àwọn wáyà tó ń gbé iná jáde. Bí fíùsì bá ń já léraléra, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹrù iná pọ̀ jù tàbí pé a kò pín in dọ́gba. Ẹni tó bá fi wáyà nínípọn dí ojú rẹ̀ ti yọ ààbò kúrò. Tiransifọ́mà ni yóò jó dípò fíùsì. Ooru àpọ̀jù ń gbó ìwé tó bo wáyà inú rẹ̀, ọ̀rinrin sì ń ba òróró tó ń mú un tutù jẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo sílíkà aláwọ̀ búlúù, ìyẹn hóró tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, bó bá ti di píńkì, ó ti mu omi yó, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ooru gbẹ ẹ́.

Gíríìdì

Ibùdó ìdarí gíríìdì orílẹ̀-èdè wà ní Òṣogbo. Òfin iná ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣètò ọjà iná tiwọn.